Fífi Agbára Iná Kan Ọpọlọ Láìlo Abẹ: Ohun Tí Ó Kan Onímọ̀ Èdè Yorùbá Níbẹ̀

Ìfáàrà

Ní Ovwian, lẹ́bàá Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta, oríṣi agbára iná mànàmáná méjì ni ó yẹ fún àkíyèsí. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi yọ́ irin ní iléeṣẹ́ Delta Steel ti Ovwian-Aladja, tí wọ́n ṣí ní 1982. Èkejì ti wà tipẹ́ kí iléeṣẹ́ ó tó dé: òun ni agbára ara ẹja òjìjí, ẹja inú odò àti àbàtà agbègbè náà, tí apẹja tó gbọ́n kì í fi ọwọ́ lásán gbá mú. Agbára kejì yìí, tí ẹ̀dá alààyè ń lò, ni ó súnmọ́ kókó ọ̀rọ̀ wa jù.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi ń fi ìwọ̀nba agbára iná kan ọpọlọ ènìyàn láti òde agbárí, láìlo abẹ, kí wọn ó lè mọ bí ọpọlọ ṣe ń ronú, bí ó ṣe ń gbọ́ èdè, àti bí ó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ èdè Yorùbá.

Ìtàn ráńpẹ́

Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 47 Sànmánì Kristi, Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tí orí ń fọ́ gbé irú ẹja oníná kan tí ó wà nínú òkun lé orí. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, Andrew Murray ṣe àpèjúwe irú òjìjí kan ní Edinburgh ní 1855 láti inú ẹja tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Calabar, ó sì pè é ní Malapterurus beninensis. Nínú àwọn ìwé ìgbà náà ni a ti kà á pé àwọn ará Calabar a máa fi òjìjí sínú omi láti fi tọ́jú ọmọ wọn tí ara rẹ̀ kò dá.

Òjìjí lè ta ènìyàn pẹ̀lú agbára tí ó tó 350 volt, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé ibi báyìí ni kí ó ta, kí ó sì mọ níwọ̀n. Ibi tí ìmọ̀ òde òní ti yàtọ̀ nìyẹn: onímọ̀ ni ó ń yan ibi tí agbára yóò dé, bí yóò ṣe pọ̀ tó, àti ìgbà tí yóò dé ibẹ̀. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ìtọ́jú tí Cerletti àti Bini bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ní 1938, nínú èyí tí wọ́n ń fi iná mú kí gìrì gbé aláìsàn. Nínú ìwádìí tí à ń sọ yìí, ojú ẹni náà dá kedere, kò sì sí ẹni tí ó ń wá gìrì.

Ọ̀nà méjì tí ó gbajúmọ̀

Ọ̀nà kìíní jẹ́ ti òòfà. Faraday ti fi hàn ní 1831 pé bí agbára òòfà bá ń yí padà, yóò fa iná sínú ohun tí iná lè gbà kọjá nítòsí rẹ̀. Ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield lo òye yìí fún ọpọlọ. Wọ́n gbé okùn wáyà tí a ká róbótó sí òkè agbárí; iná ńlá gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún; òòfà gba inú egungun kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́; iná kékeré sì dìde nínú ọpọlọ. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ó ń darí ọwọ́ ni wọ́n kàn, ọwọ́ yóò mira láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Nitsche àti Paulus ní Göttingen, Jámánì, ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 2000. Tìmùtìmù kéékèèké méjì tí a fi omi rẹ ni a ń so mọ́ orí, tí a sì ń fi iná tí kò ju milliampere kan tàbí méjì lọ gba àárín wọn. Iná yìí kò lágbára láti mú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó kàn ń mú un múra sílẹ̀ sí i ni, tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé awọ orí àti egungun ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná náà dànù. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á gba gbogbo ìròyìn ìyanu tí wọ́n ń gbé kiri nípa ọ̀nà kejì yìí gbọ́.

Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi kà á sí

Ẹ jẹ́ kí á fi ìlù dùndún ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá gbọ́ ohùn gúdúgúdú láàárín ìlù, a mọ̀ pé ó ń dún. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá orin yóò dàrú bí kò bá sí níbẹ̀. Bí onígúdúgúdú bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ni a ó tó mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ dà bí etí tí ó gbọ́ gúdúgúdú. Ẹ̀rọ Barker ni ó lè ní kí onígúdúgúdú sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1861, òkú aláìsàn ni Broca yẹ̀ wò kí ó tó lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ wà nínú ọpọlọ. Ní 1991, Pascual-Leone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi òòfà kan apá òsì orí àwọn aláàrùn wárápá mélòó kan: ọ̀rọ̀ dá mọ́ wọn lẹ́nu, nígbà tí òòfà sì dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ.

Láti inú èyí ni a ti rí i pé ‘títa ọpọlọ jí’ kò lè jẹ́ ìperí tí ó pé fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé nígbà mìíràn, pípa á lẹ́nu mọ́ ni à ń ṣe. A dábàá ‘ìfagbárakan-ọpọlọ’, tí kò sọ ju ohun tí a ṣe lọ.

Ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ fónẹ́tíìkì Yorùbá

Ní 2009, D'Ausilio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fónẹ́tíìkì mọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá ìró mọ̀ láàárín ariwo. Nígbà tí wọ́n fi òòfà kan ibi tí ó ń darí ètè nínú ọpọlọ, àwọn ìró àfèjì-ètè-pè bíi [b] yá wọn láti dá mọ̀. Nígbà tí ó jẹ́ ibi ti ahọ́n, [d] àti irú rẹ̀ ni ó yá. Ìyẹn ni pé ibi tí a fi ń sọ ìró a máa ràn wá lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ.

Èdè wọn kò ní ‘gb’, kò sì ní irú ‘p’ tiwa. Àfàfàséfètèpè ni àwọn méjèèjì: ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ni ó jọ ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ba, ga àti gba. Bí a bá fi òòfà kan ibi ètè, ṣé gba yóò yá láti gbọ́ bí ba, àbí ìdajì ìrànlọ́wọ́ ni yóò rí gbà? Bí a bá kan ibi ahọ́n ńkọ́? Ohùn tún wà níbẹ̀: igba, igbá, ìgbà, ìgbá. Tán-án-ná ni ó ń dá ohùn, ó sì ní ibi tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Urhobo tí wọ́n ń sọ ní Ovwian àti Itsekiri tí wọ́n ń sọ ní Warri ní irú ìró wọ̀nyí pẹ̀lú. Àbá tí a bá gbé kalẹ̀ nípa ‘èdè ọmọ ènìyàn’ láìwo irú ìró báyìí kò tíì kárí ọmọ ènìyàn.

Ìdènà àti ìkìlọ̀

Irun wa pàápàá jẹ́ ìdènà, nítorí pé ohun èlò tí a ṣe fún irun tí ó nà kì í dúró dáadáa lórí irun tí ó ká. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà gbé ohun èlò kan jáde fún gbígbọ́ iná ọpọlọ, èyí tí ó há sáàárín irun dídì. Ó hàn pé irun dídì lè di ọ̀nà dípò ìdènà.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òòfà lè fa gìrì fún ẹni tí ó ní wárápá, ẹni tí irin sì wà nínú orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Ìjọba Amẹ́ríkà gba irú òòfà yìí wọlé ní 2008 fún ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lábẹ́ ojú dókítà. Fífi bátìrì ṣe tirẹ̀ nílé kì í ṣe ìwádìí, ìfẹ̀míwewu ni.

Ìkádìí

Ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ èdè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi dán ọpọlọ wò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà kan tí Yorùbá nìkan ni ó gbọ́, àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi bí ohùn rẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó hàn. Àwa ni ó yẹ kí á ṣa ọ̀rọ̀ tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀ jọ, kí á gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ, kí á sì fún ìró kọ̀ọ̀kan ní ìperí tí dókítà lè lò. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́.