Ọ̀rọ̀-ìṣe Ìrora àti Iṣẹ́ Dókítà Ìdílé ní Ìbàdàn

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè aláìsàn jẹ́ irinṣẹ́ fún dókítà ìdílé tí ó ń tọ́jú ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, èyíinì ni ìrora tí ó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ wà ní UCH, ilé-ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, tí kò sì jìnnà sí Bódìjà àti Agbówó.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Orí ń fọ́ mi.
    b. Inú ń run mí.
(2) a. Orúnkún ń ro mí.
    b. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó mi.

Ní (1), ẹ̀yà ara ni ó yan ọ̀rọ̀-ìṣe: fọ́ bá orí lọ, run bá inú lọ. Ní (2), ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà lè ro ènìyàn, ó lè jó o, ó sì lè gún un. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Oríkèé tí ó ti gbó sáábà máa ń fa ríro orúnkún. Jíjó àtẹ́lẹsẹ̀ lè jẹ́ àmì pé àtọ̀gbẹ ti ba iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ jẹ́. Oògùn wọn kò papọ̀. Parasitamọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ìrora iṣan yìí. Amitriptyline, tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè dín in kù.

Bí dókítà bá kọ ‘ara ríro’ sílẹ̀ fún méjèèjì, ìyàtọ̀ náà sọnù. Aláìsàn yóò sì máa ra oògùn apàrora kiri ní kẹ́míìsì; bẹ́ẹ̀ ni lílo ìbúprófẹ́ẹ̀nì fún ìgbà pípẹ́ lè dá egbò sí ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Nítorí náà, kò tó kí dókítà béèrè ibi tí ó ń dun ènìyàn. Ó yẹ kí ó béèrè pé: ‘Mámà, ṣé ó ń ro yín ni, tàbí ó ń jó yín? Ṣé ẹ lè jókòó ti ọjà yín di ìrọ̀lẹ́?’ Ìbéèrè kejì ṣe pàtàkì, nítorí pé irú ìrora yìí lè má tán pátápátá. Ohun tí à ń wá ni kí ó dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi lè ṣiṣẹ́, tí yóò sì lè sùn.

A kò sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan tó láti mọ àrùn. Àyẹ̀wò ni ó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, nígbà tí Ẹgbẹ́ Àgbáyé fún Ìwádìí Ìrora tún oríkì ìrora tí wọ́n gbé jáde ní 1979 ṣe, wọ́n fi kún un pé ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ìròyìn tí ènìyàn bá ṣe nípa ìrora rẹ̀. Ní Ìbàdàn, èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń ṣe ìròyìn náà. Ọ̀nà kan tí a lè fi bọ̀wọ̀ fún un ni kí a kọ ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ sílẹ̀ gan-an bí aláìsàn ṣe sọ ọ́.