Ǹjẹ́ Agbára Fótọ́ọ̀nù Ní Ìpín Tí Ó Kéré Jù Lọ?

Ìbéèrè kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, tí ó sì yẹ kí àgbà fi ara balẹ̀ dá wọn lóhùn: nígbà tí ó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀, arìnrìn-àjò tí ẹnikẹ́ni kò lè sá kọjá, kì í ṣàn bí omi gẹ́gẹ́ bí ojú ti ń rò, bí kò ṣe pé ẹyọ ẹyọ tí à ń pè ní fótọ́ọ̀nù ni ó ń wá, ǹjẹ́ agbára tí ẹyọ kan gbé dání ní ìpín kan tí kò tún sí èyí tí ó kéré jù ú lọ?

Èsì mi ni pé kò ní. Ní ọjọ́ 14 oṣù December ọdún 1900, ní ìlú Berlin, ni Max Planck gbé e kalẹ̀ pé ìpín-ìpín ni agbára ń wọ inú ohun gbígbóná tí ń tàn, tí ó sì ń jáde níbẹ̀. Ní 1905 ni Albert Einstein sọ pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ pàápàá, ẹyọ ẹyọ ni. Ìgbà tí igbi bá mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní ìlọ́po òǹkà kékeré tí wọ́n ń pè ní h, ni agbára fótọ́ọ̀nù kan. Ọ̀rọ̀ náà dà bí kóńgò ìyá onígàrí: ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan kì í jáde ní ààbọ̀ kóńgò, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ẹni tí ń rọ kóńgò má rọ èyí tí ó fi díẹ̀ kéré sí ti àná.

Ẹ̀rọ tí ó lè fi èyí hàn wá ni sípẹ́kítírósíkóòpù, ẹ̀rọ tí ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀. Ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ iná, iná náà yóò pọ́n bí òroǹbó tí ó gbó, nítorí sódíọ̀mù inú iyọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà yóò gba ojú tóóró kan wọlé, awò kan yóò mú un tọ́, yóò sì bọ́ sórí àwo tí a fa ìlà wẹ́wẹ́ sí lára, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ láìfi ara kan ara. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń tú ìmọ́lẹ̀ náà ká lọ́tun. Ní ibi tí igbi láti ara ìlà kan bá ti fi odindi igbi kan gẹ́rẹ́ gbẹ́yìn ti ẹnìkejì rẹ̀, wọn a gbè ara wọn lẹ́yìn, ibẹ̀ a sì mọ́lẹ̀ kedere. Níbòmíràn, wọn a pa ara wọn rẹ́. Nítorí náà ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní ibùdó tirẹ̀.

Bí ìlà ara àwo kò bá pọ̀, ẹyọ ìlà ofeefee kan ṣoṣo ni a ó rí. Bí wọ́n bá tó 1,000, ọ̀kan náà yóò là sí méjì: ọ̀kan ní gígùn igbi 589.0 nánómítà, èkejì ní 589.6, agbára fótọ́ọ̀nù wọn jẹ́ 2.105 eV àti 2.103 eV (eV jẹ́ òṣùwọ̀n agbára kékeré). Kí ni 1,000 ìlà ṣe tí ìwọ̀nba díẹ̀ kò lè ṣe? Igbi tí ó ti ara ìlà ìkẹyìn wá ti fi 1,000 igbi gbẹ́yìn ti àkọ́kọ́, èyí ni pé ẹ̀rọ náà ń fi ìmọ́lẹ̀ ìsinsìnyí wé ti ìgbà tí ó ti kọjá. Bí ìgbà náà bá ṣe jìnnà tó ni ìyàtọ̀ tí ó lè mọ̀ ṣe kéré tó. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ agbára ìmọ́lẹ̀ rí.

Sùúrù náà ní ibi tí ó mọ fún sódíọ̀mù. Bí a tilẹ̀ mú átọ́ọ̀mù rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ kúrò nínú hílàhílo iná, bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, nǹkan bí 16 péré nínú rẹ̀ ni yóò fi tú agbára rẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo gígùn ìmọ́lẹ̀ náà kò fi ju nǹkan bí mítà 5 lọ. Ẹ̀rọ wo ni yóò wá fi í wé ara rẹ̀ kọjá mítà 5? Nítorí náà agbára rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù 50. Kí á má ṣe di èyí ru ìmọ́lẹ̀ lápapọ̀ o. Ti sódíọ̀mù ni. Átọ́ọ̀mù stróńtíọ̀mù, tí wọ́n fi ń ṣe aago tí kì í ṣìnà, lè di agbára tirẹ̀ mú ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìlà rẹ̀ sì tín-ín-rín ju ti sódíọ̀mù lọ lọ́nà tí kò ṣe é fi wé ara wọn.

Bákan náà ni kò sí ìsàlẹ̀ tí ó gbẹ́yìn. Fótọ́ọ̀nù rédíò tí igbi rẹ̀ ń mì ní mílíọ̀nù 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kéré sí ti iná iyọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù 5, a sì tún lè sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó fi h pe ìpín agbára tí ó kéré jù lọ kò wo ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ 20 oṣù May ọdún 2019 ni a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 6.62607015 × 10⁻³⁴, ṣùgbọ́n júùlù ní ìlọ́po ìṣẹ́jú-àáyá ni, agbára àti àkókò tí a so pọ̀. Kò lè di agbára àfi bí a bá fi àkókò tí a ní pín in. Bí a bá fi bílíọ̀nù ọdún 13.8 tí àgbáyé ti wà pín in, nǹkan bí 10⁻³² eV ni yóò kù sí wa lọ́wọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wọn èyí tí ó kéré sí i gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ ju bí oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ti pẹ́ tó lọ.