Òṣùwọ̀n Ta Ni A Fi Ń Wọn Ẹ̀rọ Wa?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ń gbé Íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun bàjẹ́ létíkun Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn ni WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Láti Abidjan, tí àwọn ará Èjìgbò ti sọ di ilé kejì, títí dé Èkó tiwa, iṣẹ́ dojú rú.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́fíìsì tí ó kó fáìlì rẹ̀ pamọ́ sí òkè òkun kò lè rí i lò bí okùn bá já. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ní kọ̀ǹpútà olùpamọ́ nínú ilé ara rẹ̀, tí a fi wáyà so mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà olùpamọ́ yìí ni a ń pè ní sáfà.

Bí a bá gbà pé ó yẹ kí a ní àká nílé, ètò wo ni kí a fi sínú rẹ̀ tí yóò yá jù? Méjì ni a sábà máa ń fi wéra. Èkíní ni Windows Server ti Microsoft, tí a ń sanwó fún, tí a sì tún ń sanwó lórí olúkúlùkù ènìyàn tàbí ẹ̀rọ tí yóò lò ó. Èkejì ni Samba, tí Andrew Tridgell dá sílẹ̀ ní Australia, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, tí ẹnikẹ́ni sì lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Mindcraft kéde pé Windows NT fi ìlọ́po méjì ààbọ̀ yá ju Linux òun Samba lọ nínú pípín fáìlì. Ariwo ta. Microsoft ni ó sanwó ìdánwò náà! Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Linux ní a ti tún Windows ṣe dáadáa, a kò sì tún tiwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò. Nígbà tí a tún un dánwò ní oṣù Kẹfà, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Linux dá sí i, Windows ṣì borí. Wọn kò jókòó sunkún. Wọ́n wá ibi tí ó ti ń fà sẹ́yìn, wọ́n sì mú àtúnṣe jáde nínú Linux 2.4 ní ọdún 2001. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ẹ̀rọ tí a fi dánwò ní ọpọlọ mẹ́rin. Ilé-ẹ̀kọ́ wa mélòó ni ó ní irú rẹ̀ nígbà náà?

Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun mọ̀ pé òyìnbó pàápàá kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò láìwọn ọjà rẹ̀. Báwo ni kí a ṣe wọ̀n ọ́n? Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà. Èyí tí ń gbé mégábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò lè gbé ju mégábáìtì 12 ààbọ̀ lọ, bí ó ti wù kí sáfà yá tó. Èkejì, fáìlì ìdánwò gbọdọ̀ tóbi ju ìrántí sáfà lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrántí ni a wọ̀n, a kò wọn díìsìkì. Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ̀rún fáìlì kékeré le ju fáìlì ńlá kan lọ, nítorí ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi dín àṣẹ inú SMB, èdè tí Windows àti Samba ń sọ, kù láti orí ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sí 19 nínú ẹ̀dà kejì tí ó jáde ní ọdún 2006.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lo ẹ̀rọ kan náà, wáyà kan náà àti fáìlì kan náà. Ẹ dán ètò méjèèjì wò lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí ọmọ kún kíláàsì. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn di aago mú, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ti olówó bá borí, tí agbára sì ká a, ẹ rà á. Bí ti ọ̀fẹ́ bá tó yín, ẹ fi owó tí ó kù ra bátìrì àti díìsìkì tí ẹ ó fi ṣe ẹ̀dà fáìlì yín, nítorí àká tí kò ní ẹ̀dà lè jóná lálẹ́ ọjọ́ kan.

A ti gba òmìnira tipẹ́. Ó yẹ kí ọmọ wa lè fọwọ́ ara rẹ̀ wọn ohun tí à ń tà fún un.