Oògùn Tí Kì Í Dúró De Ẹnìkan: Iṣẹ́ Tí Ọmọ Bàríga Lè Kọ́

Ọmọ tó bá parí ìwé mẹ́wàá ní Bàríga tàbí Ṣómólú, tí orí rẹ̀ pé nínú Físíìsì àti Kẹ́mísírì, dókítà tàbí ẹnjiníà ni wọ́n sábà máa ń ní kó lọ ṣe. Iṣẹ́ kan wà tí wọn kì í sábà dárúkọ fún un: ti ẹni tó ń po oògùn onítànṣán, tó ń gún un fún aláìsàn, tó sì ń fi kámẹ́rà gamma wo ibi tí oògùn náà kóra jọ sí. Nuclear medicine technologist ni wọ́n ń pè é.

Ìta ni ìtànṣán X-ray ti ń wá, tó ń gba inú ara kọjá. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, inú ara aláìsàn gan-an ni ìtànṣán ti ń jáde sí kámẹ́rà. Ìdí nìyí tó fi lè fi hàn bóyá kíndìnrín kan ti ń ṣọ̀lẹ, bóyá jẹjẹrẹ ọyàn ti ràn dé eegun ẹ̀yìn, kódà nígbà tí ìrísí ẹ̀yà ara náà kò tíì yí padà.

Technetium-99m ni wọ́n ń lò jù lọ lágbàáyé. Ní kùtùkùtù, oníṣẹ́ náà á dúró níwájú àpótí kékeré kan tí wọ́n fi òjé dáàbò bo inú rẹ̀. Molybdenum-99 ló wà níbẹ̀, tó ń di technetium díẹ̀díẹ̀. Á fi ìgò omi oníyọ̀ sí ojú kan. Á fi ìgò òfìfo, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, tí òun náà wà nínú òjé, sí ojú kejì. Ìgò òfìfo yìí á fa omi náà gba inú àpótí kọjá, technetium á sì bá a wá. Bí Fúlàní ṣe ń fún wàrà màlúù náà ni: bó o bá fún un lónìí, yóò ti tún kún lọ́la. Lẹ́yìn náà ló máa wọn agbára rẹ̀, á pò ó mọ́ èròjà tó ń darí rẹ̀ sí eegun tàbí sí kíndìnrín, kó tó fà á sínú síríńjì tí òjé bò.

Láti ìgbà náà, aago ti ń sáré. Ohun tó jẹ́ 100 ní aago 6 àárọ̀ á di 50 ní aago 12 ọ̀sán, á di 25 ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Aláìsàn tó há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti dá ìṣirò tuntun sílẹ̀ nìyẹn. Molybdenum fúnra rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní wákàtí 66, nítorí náà kò ṣeé rà pamọ́ sí stọ́ọ̀. Inú ẹ̀rọ átọ́míìkì tí wọ́n ń pè ní reactor ló ti ń wá, irú SAFARI-1 tó wà ní Pelindaba, ní South Africa. Nàìjíríà ní tirẹ̀ ní Zaria, NIRR-1, láti 2004, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré jù fún irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí reactor Chalk River ní Kánádà dáwọ́ dúró ní 2009, àwọn ilé ìwòsàn káàkiri àgbáyé ló sún ọjọ́ aláìsàn síwájú.

Báwo ni èèyàn ṣe ń dé ìdí iṣẹ́ yìí? Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tó là jù ni Radiography. Ọmọ Bàríga kò ní láti lọ jìnnà: Yunifásítì Èkó wà ní Akọka, ẹsẹ̀ lásán ló fi máa dé ibẹ̀, kó tó kọjá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà, lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn LUTH. Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Báyọ́lọ́jì ni JAMB ń béèrè. Ọdún 5 ni ẹ̀kọ́ náà, iṣẹ́ ìmọ́wọ́ ọdún kan tẹ̀ lé e, kí Radiographers Registration Board tó fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀yìn èyí ni ti oògùn onítànṣán ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń dín àkókò kù, bí a ṣe ń jìnnà, bí a ṣe ń fi òjé sáàárín, kí ìtànṣán tó ń bà á níbi iṣẹ́ má ju ohun tí òfin gbà lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹnu tútù. Ó ní láti lè bi obìnrin pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ kò lóyún? Ṣé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú?” kí ojú má tì í láti dáhùn. Ó ní láti lè sọ fún àgbàlagbà pé, “Bàbá, ẹ máa mu omi dáadáa, kí ẹ sì máa tọ̀,” kó sì ṣàlàyé pé ìtọ̀ ló ń kó oògùn tó ṣẹ́kù jáde, kí baba má baà lọ sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà ní 2006, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì. National Hospital Àbújá tẹ̀ lé e. Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ọpọlọ kò wọ́n wa, kámẹ́rà ló wọ́n. IAEA ní ẹ̀kọ́ tí oníṣẹ́ lè máa kọ́ láti ọ̀nà jíjìn láì fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wà nídìí kámẹ́rà gamma ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kámẹ́rà kò sí ní ilé ìwòsàn rẹ̀ kò rí ibi tó máa ti fi ọwọ́ ṣe ohun tó kà, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn tí kò ní oníṣẹ́ kì í fẹ́ ra kámẹ́rà. Ìjọba nìkan ló lè ra méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ àti àyè ìkẹ́kọ̀ọ́, lọ́jọ́ kan náà.