Gbégbé: Ẹ Já Ewé, Ẹ Fi Iṣu Sílẹ̀

Ewé tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni gbégbé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu babaláwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí igi náà lóko, wọn kò ní dá a mọ̀. Irú àìmọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹnì kan lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Igi kúkúrú ni gbégbé. Ọ̀pọ̀ tí à ń rí kò ju orúnkún tàbí ìbàdí èèyàn lọ. Ní agbègbè wa, láti Ìkirè dé Àpòmù, ó máa ń wà lábẹ́ kòkó àti obì, àti nínú oko tí a fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì le díẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀ka ni ewé kọ̀ọ̀kan ti ń yọ. Wọn kì í yọ ní méjì-méjì kí wọ́n kọjú síra. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun bíi wàrà, irun sì wà lára rẹ̀. Èso rẹ̀ a máa pọ́n bí ó bá gbó, ara rẹ̀ a rí bí aṣọ àrán, kóró kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Icacina trichantha. Daniel Oliver, tó ṣiṣẹ́ ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ trichantha ni olódòdó onírun. Igi ilẹ̀ wa ni, kò ti òkun wá. Pierre Verger, tó di babaláwo ní Kétu ní 1953, tí a sì sọ ní Fátúnmbí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ewé tó jáde ní 1995.

Ohun tó wà nínú ilẹ̀

Apá tó tóbi jù lára gbégbé, ojú kò rí i. Ó ní iṣu ńlá lábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ló ń tọ́jú omi àti oúnjẹ rẹ̀ sí. Bí a bá ṣán oko, tí a sì dáná sun ún, gbégbé wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ rúwé. Inú àgbẹ̀ kì í dùn sí i nítorí èyí.

Ojúgbọ́nà mi fi orúkọ rẹ̀ ṣàlàyé èyí fún mi. Ó ní gbé méjì ló wà nínú gbégbé: à ń gbé nǹkan, a sì ń gbé ibì kan. Ewé tó wà lókè ni a fi ń gbé ire wálé. Iṣu tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé inú ilẹ̀. Nítorí náà, nílé tí mo ti kọ́ṣẹ́, ewé nìkan ni à ń já, fún omi ìwẹ̀ àti fún ọṣẹ. Bí a bá já ewé, igi náà yóò tún rú. Bí a bá hú iṣu rẹ̀ tán, ó di ohun ìgbàgbé.

Ẹ má ṣe mu iṣu rẹ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo dá Ifá fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, mo sì ní kó lọ wá gbégbé wá. N kò sọ apá tí mo fẹ́. Ẹni tó bá a hú u hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì sọ fún un pé inú iṣu ni agbára wà. Ọmọ náà gé e sínú ògógóró, ó mu ún kó tó padà sọ́dọ̀ mi. Ó bì títí kò fi lè dìde mọ́, a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó yè é, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀rúnmìlà àti àwọn dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi wà níbẹ̀: mo dárúkọ ewé, n kò ṣàlàyé ewé.

Iṣu yìí kì í ṣe ohun eré. Àwọn Ìgbò a máa rẹ ẹ́ sínú ọtí fún ẹni tó bá jẹ májèlé, kí ó lè bì í jáde. Ohun tó lè mú èèyàn bì bẹ́ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi dánra wò. Ní Senegal àti àríwá Ghana, wọ́n ń jẹ iṣu ìbátan rẹ̀, Icacina oliviformis, nígbà ìyàn; ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ púpọ̀, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìyẹn rò pé tiwa náà ṣeé jẹ.

Fún ẹni tó ń wá a

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bá àwọn ìyá ẹlẹ́wé sọ̀rọ̀ ní ọjà Ìkirè tàbí Àpòmù, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi èyí tó ń hù lóko hàn yín lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá já a fúnra yín, ẹ má ṣe já igi kan níhòòhò. Ẹ má sì já a nínú oko tí wọ́n fọ́n oògùn apakoríko sí. Ewé náà lè tutù lójú, kí oògùn ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ní kí èèyàn wá ewé, ẹ jẹ́ ká sọ apá tí à ń fẹ́, ká sì sọ bóyá wíwẹ̀ ni tàbí mímu. Ọ̀sanyìn ló ni ewé. Ọrùn tiwa ni àlàyé wà.