Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Àgbá Epo Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Ìjàn-Èkìtì tí ó yẹ kí a mú wá sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́. Baba kan fi ọkọ̀ Morris Minor sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjì nígbà tí ó fi ayé sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ náà bí ojú, ṣùgbọ́n àgbá epo rẹ̀ kéré. Nítorí èyí ni àbúrò ṣe máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ń rìn kọjá Adó. Bí ó bá padà dé, a ó gbé ìyókù sí ìdí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Nígbà tí a bẹ̀ wọ́n wò, a rí kẹ́ẹ̀gì náà níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, ẹ̀rù sì bà wá. Àwọn àgbà wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Àbúrò fẹ́ yọ àgbá kékeré náà, kí ó sì fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ, ti ọkọ̀ Minor tí a rọ lẹ́yìn rẹ̀, rọ́pò. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ó ní, “Ohun tí Baba kò yí padà, àwa kò gbọdọ̀ yí i padà.” Wọ́n bi wá léèrè, ìdáhùn wa sì nìyí.

Ní ọdún 1948 ni a kọ́kọ́ fi Morris Minor han gbogbo ènìyàn ní London. Alec Issigonis ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní Cowley, lẹ́bàá Oxford, ni a sì ti rọ ọ́. Àgbá epo ti ìgbà àkọ́kọ́ gba gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì 5, èyí tí í ṣe nǹkan bíi lítà 23. Minor 1000 jáde ní ọdún 1956. Nígbà tí ó di ọdún 1957, àwọn tí ń rọ ọ́ fi àgbá tí ó gba gálọ́ọ̀nù 6 àti ààbọ̀ sí i, bíi lítà 29 àti ààbọ̀. Bí gálọ́ọ̀nù kan bá gbé ọkọ̀ náà ní máìlì 35, àfikún yìí yóò gbé e ju máìlì 50 lọ. Ẹ kíyèsí i pé àwọn tí ó rọ ọkọ̀ náà gan-an ni wọ́n rí i pé àgbá àkọ́kọ́ kò tó. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì ni àbúrò fẹ́ mú wọlé. Ọmọ ìyá kan náà ni àgbá méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a tó ra àgbá àlòkù, ẹ jẹ́ kí a wọn etí rẹ̀, ihò ìdè rẹ̀, jíjìn rẹ̀, àti ibi tí ọ̀nà ìrọ-epo rẹ̀ wà. Bí ó bá di pé a ní láti gé ara ọkọ̀ kí ó tó wọlé, kí a fi í sílẹ̀. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò fún ìpẹtà, nítorí ìpẹtà a máa dí ọ̀nà epo.

Ìta gbangba ni kí a ti ṣe iṣẹ́ náà. Kí a kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, kí sìgá, àtùpà àti ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá gbà títí yóò fi bá iná pàdé. Àgbá tí ó ṣófo pàápàá lè léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí afẹ́fẹ́ epo tí ó kù nínú rẹ̀ ni ń gbiná tí ó sì ń bú gbàmù. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àgbá epo tí a kò tíì fọ̀ mọ́ tónítóní lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà.

Kí a lo rọ́bà tuntun fún ọ̀nà epo. Ọwọ́ tí ó léfòó nínú àgbá, tí ń fi ìwọ̀n epo han awakọ̀, kí ó jẹ́ ti àgbá ńlá náà fúnra rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa purọ́. Lẹ́yìn náà, kí a rọ gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo sí i, kí a sì wo abẹ́ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bóyá ó ń jò.

Ẹ̀gbọ́n gbà nígbà tí a wí fún un pé a lè nu àgbá Baba, kí a fi òróró pa á, kí a sì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí a bá fẹ́ dá a padà. Òótọ́ ni pé àgbá ńlá kò sọ epo di ọ̀pọ̀. Láti ìgbà tí a ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù May ọdún 2023 ni gbogbo ilé ti mọ bí owó rẹ̀ ti ga tó. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì náà ti kúrò ní ìdí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìdí ilẹ̀kùn tiyín ná.