Purotéènì p16 Nínú Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Ọ̀fun

Kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo ni à ń pè ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu, ní ọ̀nà ọ̀fun, ní gògóńgò tàbí nínú ihò imú, abẹ́ orúkọ yìí ni àwọn dókítà kó wọn sí. Sìgá, tábà àti ọtí ló ń fa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, máa ń fa ti ọ̀fun náà, pàápàá ní tonsil àti ìdí ahọ́n. Ẹni tí kò fẹnu kan sìgá rí lè ní i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ti HPV? Purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa tó ń jẹ́ p16. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí sẹ́ẹ̀lì má ṣe pín kọjá bó ṣe yẹ, purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ Rb ló sì ń lò bí ìjánu. Rb yìí gan-an ni HPV máa ń bà jẹ́. Rb ló tún ń mú kí p16 mọ níwọ̀n, nítorí náà, bó bá ti bàjẹ́, p16 á pọ̀ rẹpẹtẹ. Asán sì ni pípọ̀ náà, ìjánu ti já.

Wọn á gé bíńtín nínú ẹran tó wú, wọn á fi oògùn aláwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ p16 sí i. Bí ìdá 70 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, ó kéré tán, bá gba àwọ̀ náà dáadáa, a jẹ́ pé p16 wà níbẹ̀. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rí ìwòsàn ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ èyí kò ní kí wọ́n dín oògùn rẹ̀ kù o: nígbà tí wọ́n fi cetuximab rọ́pò cisplatin fún wọn nínú ìwádìí tó jáde ní 2018, àwọn tó kú pọ̀ sí i.

Ní ẹnu tàbí gògóńgò, p16 kì í sọ ohun tó ń sọ ní ọ̀fun. Kò sì tíì sí purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ kan tó lè dá fìdí jẹjẹrẹ yìí múlẹ̀ láìgé ẹran wò. Ẹni tó bá ní òun ń ta irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ẹ bi í dáadáa.

Egbò ẹnu tàbí ohùn híhá tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó ọrùn tí kò dunni, nítorí òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú nínú ti HPV. Nígbà mìíràn, wọn á rí jẹjẹrẹ nínú kókó náà láìrí orísun rẹ̀. Bí p16 bá wà níbẹ̀, tonsil àti ìdí ahọ́n ni dókítà á kọ́kọ́ lọ tú wò.